Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ẹ́ńjìnnì 1.3 Sínú Micra 1.0 Tí Kò Ní Sọ Yín Di Oníbàárà Mẹkáníìkì

Tí ẹ bá ní Micra 1.0, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èrò bá kún inú ẹ̀ tí òkè sì wà níwájú. Ẹ á tẹ tọ́tù kanlẹ̀, ariwo nìkan lẹ máa gbọ́, mọ́tò ò lọ, kórópe tó wà lẹ́yìn á ti máa fọn fèrè mọ́ yín. Ìyẹn ló fà á tí àwọn èèyàn fi ń bèèrè káàkiri Òṣogbo pé ṣé àwọn lè gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ẹ̀. Ẹ lè gbé e jàre, ó tiẹ̀ rọrùn ju bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ẹ́ńjìnnì nìkan làwọn èèyàn ń rà, wọ́n á fi gbogbo nǹkan tó ń bá a ṣiṣẹ́ sílẹ̀ sọ́jà, wọ́n á wá máa fi owó díẹ̀díẹ̀ wá wọn kiri lẹ́yìn ìgbà yẹn títí owó ìwákiri á fi ju owó ẹ́ńjìnnì lọ.

Micra tí mò ń sọ ni K11, èyí tó rí róbótó yẹn, tí Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́dún 1992, òun náà ló gba mọ́tò ọdún ní Yúróòpù lọ́dún 1993. Ẹ́ńjìnnì kékeré inú ẹ̀ ń jẹ́ CG10, 998cc ni, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ò ju bíi horsepower 55 lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni CG13, 1275cc, tó tó 75. Ilé kan náà làwọn méjèèjì ti jáde: alumíníọ̀mù ni bulọ́ọ̀kù wọn, ṣéènì ló ń yí inú wọn kì í ṣe bẹ́líìtì, fáàfù mẹ́rìndínlógún ló wà lórí ìkọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ́ńjìnnì síìtì ti ń di mọ́ra bá ara mu, gíábọ́ọ̀sì èyí á wọ tọ̀hún. Ẹ ò ní pe wẹ́dà, ẹ ò ní gé irin kankan. Horsepower 20 lé lórí mọ́tò tí kò tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára dáadáa.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ò gbé tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé àwọn rí ẹnì kan tó gbé ẹ́ńjìnnì Primera tàbí ti Golf sí i. Mo ti gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe tiẹ̀ yẹn, ẹ máa gé ibi tí síìtì máa jókòó kí ẹ tún un jó, ẹ máa wá ṣáfùtù tí ẹnu ẹ̀ kan wọ gíá tí ẹnu ẹ̀ kejì wọ táyà Micra, bọ́nẹ́ẹ̀tì lè má pa dé, iwájú mọ́tò á wúwo, ṣọ́ọ̀kì á jókòó, bíréèkì kékeré tó wà níbẹ̀ á máa pariwo, rewáyà á wà lórí ẹ̀ fún oṣù kan, ó sì máa wá dúró sí Ọláìyá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ aṣọ funfun. Ẹni tó fẹ́ agbára tó bẹ́ẹ̀ kó ta Micra kó fi owó kún un, ó máa pé e jù.

Kí ẹ tó náwó rárá ṣá, ẹ rí i dájú pé 1.0 yín ò kàn ṣàìsàn ni. Ọ̀pọ̀ Micra tí wọ́n ní kò fa mọ́, kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ló ń yọ̀. Ẹ tún wo bóyá bíréèkì ẹ̀yìn ń di táyà mú, bóyá fíltà afẹ́fẹ́ ti dí pẹ̀lú eruku, bóyá púlọ́ọ̀gì ti jẹ tán. Ṣéènì inú CG náà máa ń fà gùn tí wọn ò bá pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń lọ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láàárọ̀ tí ẹ bá sítáàtì, bó bá sì ti fà, agbára á dínkù. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣe compression test, ìyẹn kó wọn bí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, tí wọ́n bá sún mọ́ra tó sì ga dáadáa, ẹ́ńjìnnì yín ò tíì kú. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wà nínú ẹ̀ láti Ògo-Olúwa lọ sí Abéèrè ní ọ́fíìsì, ẹ fi 1.0 yín sílẹ̀ o, nítorí 1.3 máa mu epo jù ú lọ díẹ̀ láàárín ìgboro, látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, díẹ̀ yẹn kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń kó èrò, tó ń gbé ẹrù ọjà, tó ń lọ Iléṣà tàbí Ìbàdàn déédéé, òun lọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ó dáa, ọjà rírà. Ní Òṣogbo níbí ẹ lè rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì àlòkù, àmọ́ mo fara mọ́ kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ọjà Araromi ní Agodi Gate, ibẹ̀ ni Micra pọ̀ sí, torí Micra ni takisí wọn, ẹ máa rí ẹ́ńjìnnì tí ẹ máa fi ṣe àfiwé. Ladipo náà wà ní Èkó, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ẹrù á wọ̀ ọ́. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ó jẹun kẹ́ ẹ tó wọjà, ebi kì í jẹ́ kí èèyàn wo nǹkan fínnífínní.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bèèrè half-cut, ìyẹn iwájú mọ́tò tí wọ́n gé sọ́tọ̀ látòkè òkun, torí gbogbo nǹkan máa wà lára ẹ̀. Tí kò bá sí, nǹkan tó gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì yẹn wá rèé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀kankan han yín lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti sanwó: brain box tiẹ̀ gan-an, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, throttle body pẹ̀lú airflow tó wà lára ẹ̀, distributor, nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fín epo, gbogbo sẹ́ńsọ̀, wáyà ẹ́ńjìnnì lódindi tí wọn ò fi ọ̀bẹ gé, flywheel (irin róbótó tí kílọ́ọ̀ṣì ń jókòó lé), kíkì sítátà, ọ́tánétọ̀, àti redíétọ̀ tó bá wà. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá láti ara ọtomátíìkì, kò ní ní flywheel tó máa gba kílọ́ọ̀ṣì yín, ẹ wá ti 1.3 mánúà lọ́tọ̀, kí ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì pléètì tuntun wò ó lórí ẹ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́jà.

Ẹ tún wo ọdún. Ẹ ra èyí tó sún mọ́ ọdún mọ́tò yín, nítorí ẹnu púlọ́ọ̀gì wáyà máa ń yàtọ̀ láàárín àwọn tó kọ́kọ́ jáde àtàwọn tó jáde kẹ́yìn, tí ẹnu wáyà ò bá sì bára mu, rewáyà máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé ó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í so, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ọ̀pọ̀ K11 tó jáde lẹ́yìn 1996 ní NATS nínú, ìyẹn nǹkan tí kì í jẹ́ kí olè jí mọ́tò gbé, ó sì mọ kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Tí ẹ bá gbé brain box ẹlòmíì sí i láìsí kọ́kọ́rọ́ àti àpótí immobiliser tí wọ́n jọ wà, á kàn máa yí ni, kò ní sítáàtì láé. Nítorí náà ẹ bèèrè kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì á wo yín bíi pé orí yín dàrú, pé ta ló ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹ má dá a lóhùn, ẹ ṣáà ní kó wá a.

Bí ẹ ṣe máa wo ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀ nìyí. Ọkùnrin yẹn á ti sọ fún yín pé "Ọ̀gá mi, Belgium gidi ni, àná ló sọ̀ kalẹ̀ nínú kọ̀nténà." Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó wà ní Gate, àná ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ ṣí ìdérí tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí i, ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan funfun tó ki bí ògì, omi àti ọ́ìlì ti pàdé nínú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí top gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ tàbí kí top cylinder ti tẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ dúdú tó ti gbẹ mọ́ ibẹ̀, ẹni tó lò ó kì í pààrọ̀ ọ́ìlì, ṣéènì ẹ̀ ò lè dáa. Tó bá kàn pọ́n bí ọ́ìlì ṣe máa ń pọ́n tí irin abẹ́ ẹ̀ sì mọ́, ẹ tẹ̀ síwájú. Ẹ ní kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí mẹkáníìkì yín fi sípánà yí pulley ìsàlẹ̀ lódindi ẹ̀ẹ̀mejì, síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí ni o. Kò gbọ́dọ̀ há níbì kankan, kò sì gbọ́dọ̀ sí ohùn irin tó ń kan irin. Ẹ tan iná fóònù sínú ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wo orí písítìn bóyá ó fọ́ tàbí ó ní àpá. Ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé, tó bá jẹ́ ìpẹtà pupa ló kún ibẹ̀, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi lò ó.

Kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára bulọ́ọ̀kù. CG13 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kedere. Tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ nọ́ńbà, ẹ máa lọ ilé yín, ibi yòówù kó ti dínwó dé. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó tà á, kí ẹ sì bá a fẹnu kò pé iye ọjọ́ báyìí báyìí lẹ fi máa dán an wò, kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì náà. Iye owó ò ṣeé kọ síbí, ó ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Tí ẹ bá délé, kí wọ́n tó gbé e wọlé ni kí ẹ pààrọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí, torí ìgbà yìí ni wọ́n rọrùn jù: kílọ́ọ̀ṣì pléètì, pressure plate àti release bearing, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn crankshaft, wọ́tà pọ́ǹpù, thermostat, púlọ́ọ̀gì, fíltà ọ́ìlì, fáànù bẹ́líìtì, àti àwọn họ́ọ̀sì omi tó bá ti le tàbí tó ti wú. Mẹkáníìkì kan lè ní síìlì yẹn ṣì dáa. Ó lè dáa lóòótọ́, àmọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn oṣù méjì, gíábọ́ọ̀sì máa sọ̀ kalẹ̀ nítorí síìlì tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe òun.

Ẹ pe mẹkáníìkì àti rewáyà jọ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ bá àwọn méjèèjì dúnàádúrà níwájú ara wọn. Tí ẹ bá dá wọn pè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mẹkáníìkì á ní iṣẹ́ òun ti tán, wáyà ló kù, rewáyà á ní wáyà dáa, ẹ́ńjìnnì ni ò dáa, ẹ̀yin ẹ á wà láàárín.

Yíyọ ti àtijọ́. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ fín WD-40 sí gbogbo nọ́ọ̀tì sàlẹ́ńsà, nítorí àwọn yẹn ló máa ń já. Láàárọ̀, ẹ yọ fíùsì pọ́ǹpù epo, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra ẹ̀, kí epo má baà tú sára yín tí ẹ bá ń yọ họ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yọ bátìrì, orí négétíìfù lẹ kọ́kọ́ máa tú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó da omi àti ọ́ìlì nù. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ibi tí wáyà ti wọ, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi téèpù bébà lẹ̀ ẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sí i. Ọmọṣẹ́ máa ní òun rántí gbogbo ẹ̀. Kò ní rántí.

Tí mọ́tò yín bá ní AC, ẹ má tú páìpù gáàsì. Ẹ yọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nìkan kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí ẹ fi okùn so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́ǹpù power steering. Ẹ gbé rọ́bà sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì kí ẹ tó fa ṣáfùtù, gíá ọ́ìlì máa tú jáde. Ọ̀rọ̀ ṣéènì bulọ́ọ̀kù, èyí tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì sókè, wá kù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kọ́ ẹ̀ka igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ọgbà. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kéré lójú àmọ́ tòun ti gíábọ́ọ̀sì ó tó fọ́ ẹsẹ̀ èèyàn, ẹ wá ọgbà tó ní irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ mọ́tò nígbà tó bá wà lókè.

Gíábọ́ọ̀sì èwo lẹ máa lò? Èyí wà lọ́wọ́ yín. Ti 1.0 máa ń mú mọ́tò tètè fò sókè, ó dáa fún ìgboro àti fún òkè, àmọ́ tí ẹ bá wà lọ́nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí jù, etí á máa hó yín dé Ìbàdàn. Ti 1.3 máa ń balẹ̀ lọ́nà jíjìn. Takisí tó ń ná Old Garage sí Òkè-Fìà, ẹ fi ti 1.0 sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ fowó yẹn ra bíréèkì.

Tí wọ́n bá ń gbé tuntun wọlé, kílọ́ọ̀ṣì pléètì gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn kí gíá tó lè wọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo irin ìtọ́nà. Kí ẹnu ẹ́ńjìnnì àti gíá pàdé pẹ̀lú ọwọ́. Tí ẹ bá rí mẹkáníìkì tó ń fi nọ́ọ̀tì fa méjèèjì pọ̀ tipátipá, ẹ dá a dúró, eyín gíá kò tíì wọ pléètì, ó máa tẹ pléètì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ má gbàgbé wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ti ara gíábọ́ọ̀sì lọ sí ara mọ́tò. Ó rí bí nǹkan tí kò wúlò, àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀, kíkì sítátà á wá máa yí lọ́ra, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, rewáyà á tú gbogbo mọ́tò wò, wáyà kan ṣoṣo ni.

Ọ̀rọ̀ brain box rèé. Ẹnì kan máa sọ fún yín pé ẹ lo ti 1.0, pé ó máa ṣiṣẹ́. Ó máa sítáàtì lóòótọ́, ó tiẹ̀ lè rìn. Àmọ́ epo tí brain yẹn mọ̀ ọ́n wọ̀n ni ti ẹ́ńjìnnì 998cc, ẹ́ńjìnnì tuntun yìí ń fa afẹ́fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá tẹ tọ́tù sórí òkè, epo ò ní tó o, ẹ́ńjìnnì á gbóná, fáàfù á jóná. Ẹ fi brain àti nọ́sù 1.3 sí i, kọ́rọ̀ tán.

Kí ẹ tó sítáàtì, ẹ da ọ́ìlì sí i, gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin kan á tó, ẹ má dà á tán, gééjì ni kí ẹ máa wò. Ẹ da ọ́ìlì tuntun sínú gíá náà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ fíùsì pọ́ǹpù epo, ẹ kíìkì í díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì á fi kú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ́ìlì ti gòkè nìyẹn. Ẹ wá dá gbogbo ẹ̀ padà kí ẹ sítáàtì.

Omi báyìí. Alumíníọ̀mù ò fẹ́ ooru, ẹ́ńjìnnì CG kan tó bá hó lẹ́ẹ̀kan péré lè tẹ top cylinder. Ẹ lo coolant tí wọ́n pò mọ́ omi dáadáa, kì í ṣe omi kànga. Ẹ ṣí ìdérí redíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ tan hítà inú mọ́tò sí gbígbóná, ẹ sítáàtì, kí ẹ máa bu omi kún un bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde, títí fáànù á fi yí fúnra ẹ̀ tí á sì dákẹ́. Fáànù gbọ́dọ̀ yí fúnra ẹ̀ o. Àwọn kan máa ń so ó tààrà kó máa yí látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á tún yọ thermostat dànù pé àwa ò sí ní òkè òkun. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Láìsí thermostat, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná dé ibi tó yẹ, brain á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i láìdúró, ẹ á máa sanwó ẹ̀ ní filling station.

Ẹ má wa mọ́tò yìí lọ ibì kankan kí ẹ tó wo bíréèkì. Ẹ pààrọ̀ páàdì, ẹ wo dísíìkì bóyá ó ti tín-ín-rín, ẹ pààrọ̀ fúlúùdù bíréèkì tó bá ti dúdú, kí ẹ yọ dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn kí ẹ gbọn eruku inú ẹ̀. Tí half-cut bá wà lọ́wọ́ yín tí bíréèkì iwájú ẹ̀ sì tóbi ju tiyín lọ, ẹ yọ ọ́ sí i lódindi. Táyà náà, ẹ wo ọdún tó wà lára ẹ̀.

Ẹ fi ìgboro dán an wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má jìnnà sí mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kejì ẹ lè gba ọ̀nà Ìkìrun pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta nínú mọ́tò, kí ẹ máa wo géèjì ooru. Tí ẹ bá padà dé, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú, páálí máa sọ ibi tó ń jò fún yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì síìtì àti ti sàlẹ́ńsà, lẹ́yìn kìlómítà 1000 kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà. Tí iná check engine bá tàn, ẹ lọ ṣe sikáánì, ẹ má jẹ́ kí rewáyà fa gílóòbù ẹ̀ yọ.

Ìwé ló kù. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú pàtíkúlà yín, èyí tó wà lára mọ́tò sì ti yí padà, ọlọ́pàá tàbí VIO tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa rí i. Ẹ mú rìsíìtì ọjọ́ yẹn lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì mọ́tò kí wọ́n yí nọ́ńbà padà sórí ìwé, kí ẹ sì sọ fún àwọn onínṣọ́ránsì yín náà. Rìsíìtì gan-an kó wà nílé, fótókópì ẹ̀ ni kí ẹ fi sínú mọ́tò.